Ilé Ẹbí àti Owó-Orí

Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, lórí ogún olóògbé Mabinuori Dáwódù ti Èkó, Adájọ́ Àgbà Osborne là á mọ́lẹ̀ ní ọdún 1909 pé bí dáwódù bá kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, ìbáà ṣe obìnrin, ni olórí ẹbí. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀, a kí yín kú ìlàjà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó-orí? A kì í sábà gbọ́ ìbéèrè yìí níbi ìlàjà.

Láti 1993 títí di òpin 2025, òfin wí pé níbi tí a kò bá ti lè ya ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹbí lápapọ̀ ni a ó bu owó-orí lé, níbi tí ẹni tí ń gba owó ilé ń gbé. Ìyà ńlá ni èyí fún olórí ẹbí tí àwọn àbúrò ti ná owó náà tán!

Jíjogún fúnra rẹ̀ kò ní owó-orí: èyí tí a gbé kalẹ̀ ní 1979 ni a fagi lé ní 1996. Títa ilé láti fi parí ìjà ni ọ̀ràn wà. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni ìjọba ń gbà tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní 2026, ó lè tó 25.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ kọ ẹni tí yóò san án sínú àdéhùn, àti gbèsè owó ilẹ̀ ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá gba tirẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní padà wá san án.