Gígun Àpáta àti Olùkọ́ Tí Ó Mọ Ìgbà Tí Ó Tó



Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ń sọ nípa eré ìdárayá, pé láti inú ìyá rẹ̀ ni alágbára ti gba agbára wá. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òtítọ́ tán, kí ni iṣẹ́ olùkọ́? Mo fẹ́ fi eré gígun àpáta dáhùn, nítorí nínú rẹ̀ ni a ti rí i kedere pé ẹ̀kọ́ ni ó ń gbé ènìyàn ga, àti pé ẹ̀kọ́ kan náà, bí a kò bá fi ìwọ̀n sí i, a máa ṣe ọmọdé léṣe. Èrò mi ni pé olùkọ́ tí ó dára jùlọ nínú eré yìí kì í ṣe ẹni tí ó lè fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò wí pé, “Ó tó.”

Kì í ṣe irú gígun tí a ń fi àtẹ̀gùn gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta tàbí òkè Ìdànrè ni mo ń wí. Àpáta tí ó dúró ṣánṣán bí ògiri, tàbí tí ó tẹ̀ síwájú borí ẹni bí òrùlé, ni àwọn eléré yìí ń gùn, tí wọ́n ń fi orí ìka di etí òkúta mú. Okùn tí a so mọ́ wọn nídìí kò wà láti fà wọ́n sókè. Kí ó lè gbà wọ́n bí wọ́n bá já bọ́ ni.

Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé kí ènìyàn ṣáà máa gun àpáta ti tó láti fi kọ́ ọ. John Gill ará Amẹ́ríkà, tí ó di olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì, yà kúrò nínú èrò yìí ní àwọn ọdún 1950. Ó ti kọ́ eré rírọ̀ mọ́ òrùka àti gígun okùn. Ó sì mú ìdánrawò náà, pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀, wá sí ẹ̀bá òkúta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Wolfgang Güllich ará Jámánì dé. Ní 1988, ní ìlú Nuremberg, ó gbé pákó kan kọ́, tí a kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ bí àkàbà, ó sì ń fi ìka nìkan fò láti igi kan dé èkejì láìfi ẹsẹ̀ kan nǹkan. Ní 1991 ó gun ọ̀nà kan lára àpáta Frankenjura, tí ó pè ní Action Directe. Ọ̀nà náà kò gùn ju nǹkan bí mítà 15 lọ, ṣùgbọ́n ọdún 4 kọjá kí ẹlòmíràn tó lè gùn ún. Ta ni yóò wí pé agbára àbímọ́ni nìkan ni èyí?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Ẹni 30 ọdún ni Güllich nígbà náà, ó sì ti ń gun àpáta láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Pákó rẹ̀ jẹ́ ohun èlò fún ara tí ó ti gbó. Ẹni tí ó bá gbé e fún ọmọ ọdún 12 dà bí ẹni tí ó gbé ìwé ìṣirò kíláàsì gíga lé ọmọ tí kò tíì lè ka ení, èjì lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ ni olùkọ́ rere kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ láti lò. Ẹni tuntun a máa fi apá fa ara rẹ̀ sókè bí ẹni ń fa omi nínú kànga, kò sì ní pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ yóò wí fún un pé kí ó na apá rẹ̀, kí ó wo ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé dáradára, kí ó sì fi itan ti ara rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìka tó kàn. Ẹran tí ń ká ìka kò sí nínú ìka. Apá ni ó wà, okùn iṣan ni ó sì ń bá a fa ìka. Ẹran apá a máa le láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n okùn iṣan a máa gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ibẹ̀ ni ewu wà: apá ti lágbára, ìka kò tíì ṣe tán. Nítorí náà, àgbà tí ó mọ iṣẹ́ yìí lè fi ìka rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 3, kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ kí ó tó padà sí i. Ìsinmi yìí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, nítorí inú ìsinmi ni ara ti ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú. Ní 2017, Adam Ondra ará Czech gun ọ̀nà Silence nínú ihò àpáta Flatanger ní Nọ́wè, èyí tí a kà sí ọ̀nà tí ó le jùlọ tí ẹnikẹ́ni tíì gùn ní àkókò náà. Ẹni tí ó lókìkí káàkiri ayé ni tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó gba olùkọ́, Patxi Usobiaga ará Spéìn, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé ní 2009. Kì í ṣe apá nìkan ni Ondra mú le. Ó kọ́ bí a ti ń há orúnkún mọ́ àpáta kí ọwọ́ lè sinmi, ó sì mú iṣu ẹsẹ̀ rẹ̀ le nítorí èyí. A máa dùbúlẹ̀ sílẹ̀, a di ojú, a sì máa fi ọkàn gun ọ̀nà náà láti ìdí dé orí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá olùkọ́, ta ni kò yẹ kí ó wá?

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Láti ìgbà tí eré yìí ti wọ ìdíje Òlíḿpíìkì, tí a ṣe ní Tokyo ní 2021, ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ń kánjú. Nítòsí oríkèé ìka ọmọ tí ń dàgbà, ibì kan wà tí egungun ti ń gùn sí i, tí kò sì tíì le. Fífò lórí pákó àti dídi etí òkúta tóóró mú lójoojúmọ́ lè fọ́ ibẹ̀, pàápàá ní àwọn ọdún tí ọmọ ń yára ga. Bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ìka náà lè wọ́ títí ayé. Ewu kejì ni ti oúnjẹ. Nítorí pé ara tí ó fúyẹ́ rọrùn láti gbé sókè, àwọn kan a máa febi pa ara wọn, títí egungun yóò fi di aláìlágbára, tí nǹkan oṣù obìnrin yóò sì dáwọ́ dúró. Ọ̀ràn yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso ìdíje náà lágbàáyé fi gbé òfin kalẹ̀ ní 2024, pé kí a máa yẹ ìlera àwọn eléré wò ní ti èyí.

Ẹnìkan lè wí pé bí a bá dá ọmọ wa dúró, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò gba ife-ẹ̀yẹ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ife-ẹ̀yẹ ọmọ ọdún 14 kò tó ohun tí a ń fi ìka ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi kò wí pé kí olùkọ́ máa kẹ́ ọmọ ní àkẹ́jù, nítorí ẹni tí a kò fún ní iṣẹ́ tí ó ju agbára àná rẹ̀ lọ kì yóò tẹ̀ síwájú. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a mọ ọmọ kí a tó mọ iye tí a ó dì lé e.

Ẹ̀yin ará, láìpẹ́ a ó fi àwọn ọmọ lé wa lọ́wọ́, bóyá nínú pápá eré, bóyá níwájú pátákó ìkọ̀wé. Àwọn ọmọ yóò gbà wá gbọ́, wọn yóò sì ṣe ohun tí a bá ní kí wọ́n ṣe, àní bí ó bá ń dùn wọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ láti máa wo ọmọ pẹ́ kí a tó pàṣẹ. Nígbà tí a bá sì rí i pé ó ti tó, kí a ní ìgboyà láti wí bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀gá tàbí òbí ni ó dúró tì wá tí ó ń wí pé kí a fi kún un.