Ọ̀mì Kì í Ṣe Àwàdànù

Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Òwe yìí ni àwọn kan fi ń bú ẹni tí kò lè borí nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ẹnì kejì borí òun náà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní òwe náà kò bá ibẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Bí ogun ẹnì kan bá ń tú, ó lè jẹ́ pé olorì rẹ̀ ṣì wà lójú pátákó. Olorì yìí lè kọ lu ọba ọ̀tá níhìn-ín. Ọba á yẹ̀. Á tún kọ lù ú lọ́hùn-ún. Ọba á padà síbi tó ti kúrò. Ọba kò rí ibi sá sí, kò sì ráyè pàṣẹ ogun mìíràn, nítorí òfin ni pé kí ó kọ́kọ́ gba ara rẹ̀ là. Bí ojú pátákó bá rí bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan náà ló kàn láti ta, a lè béèrè ọ̀mì. Ìdajì máàkì ni fún oníkálùkù.

Ní Vienna ní 1872, Meitner fi olorì rẹ̀ rúbọ nígbà tó ń bá Hamppe ta. Bíṣọ́ọ̀bù kan ló fi ń lé ọba níkẹyìn. Bí ọba bá sì pa á, ọba gbé. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ọ̀mì náà ni àwọn aláyò ṣẹ́ẹ̀sì sì ń rántí títí dòní.

Wọ́n ní a gba ohun tí ó tọ́ sí ẹlòmíràn. Rárá o. Ẹni tó fi ìlẹ̀kùn ọba rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kò tíì borí.

Ní Eggua tí wọ́n ti tọ́ mi, ayò ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ọmọ ayò 48 ni. Bí oníkálùkù bá jẹ 24, ọ̀mì nìyẹn. Kíkà ni a fi ń mọ ọ̀mì ayò, kò rí bí ti ṣẹ́ẹ̀sì. Síbẹ̀, bàbá àgbà kọ́ mi pé a kì í dìde nídìí ọpọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ṣì wà níwájú ẹni.

Mo gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún tó kọjá. Nínú ìdíje àwọn ilé ibùgbé, ojú tì mí, mo bọ ẹni tó ń bá mi ta lọ́wọ́ pé ó ti borí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi kan fi hàn mí pé olorì mi ì bá lé ọba rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdajì máàkì péré ni àwọn tó gba ife fi ṣíwájú wa.

Láti 2018 tí Tunde Onakoya ti dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń kọ́ Yorùbá fún wọn ní orúkọ tí wọn yóò máa pe ọ̀nà àbáyọ yìí. Mo dábàá ọ̀mì àfipágbà.

Èmi tí mo dìde, àti ẹni tó jókòó títí tó fi gba ọ̀mì, ta ni nínú wa ló ṣe àwàdànù?