Àmánà Kò Pé Láìsí Àkọsílẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Allah. Nígbà àrùn kòrónà, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ya owó tí ó ju bílíọ̀nù 46 dọ́là sọ́tọ̀ láti bá àwọn aláìní san owó ilé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ni ó bá wọn pín in.

Nígbà náà, ẹgbẹ́ tí ó bá ná 750,000 dọ́là owó ìjọba àpapọ̀ lọ́dún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aṣàyẹ̀wò owó láti òde yẹ ìwé rẹ̀ wò. Fún ọdún ìṣúná tí ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2024, ó di mílíọ̀nù kan. Ìwé àdéhùn ilé, ẹ̀rí iye tí ń wọlé fún ayálégbé àti rìsíìtì ni yóò béèrè. Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí, ìjọba lè gbà á padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àwọn kan ń sọ pé àìfọkàntánni ni kí a béèrè ìwé lọ́wọ́ arákùnrin ẹni. Rárá o! Nínú Súrátul-Bakọrah, aaya 282, Allah pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a sì wá ẹlẹ́rìí; kò yọ olùkírun sílẹ̀. Bí ìwé bá dàrú, aláìní ni ilẹ̀kùn ìrànwọ́ yóò tì mọ́. Nítorí náà, kí akápò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé rẹ̀ kí a tó béèrè.

Kí Allah ṣe wá ní olùpa àmánà mọ́. Àmín.