Ta Ni Yóò San Owó Eyín Wa?

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ eyín ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí eyín bá yọ tí a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, egungun tó gbé e dúró á máa dín kù. Ẹni tó bá wá fẹ́ gbin eyín tuntun, wọ́n lè ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi egungun kún ibẹ̀, kó sì dúró bí oṣù 4 sí 6. Owó egungun lọ́tọ̀, owó eyín lọ́tọ̀, owó fọ́tò lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ dé Kùtọnu lọ́tọ̀. Aláìsàn ló ń wá a: á kó èésú, á ta àgbàdo láìtọ́jọ́, á ránṣẹ́ sọ́mọ lókè òkun.

Láti 2019 ni ètò ARCH ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tálákà lọ́wọ́ owó ìwòsàn. Kí àwọn dépítè wa sọ fún wa ní gbangba: ìtọ́jú eyín wo ló wà nínú rẹ̀? Àwa náà, ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dunni. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.