Ìbọn Ogun Àtijọ́: Eré ni Lọ́dọ̀ Wọn, Èèwọ̀ ni Lọ́dọ̀ Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ìbọn ogun àtijọ́ ti di ohun ìṣeré. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń fi òróró pa á, wọ́n ń gbé e kọ́ sára ògiri. Bí ọjọ́ ìsinmi bá sì dé, wọ́n a gbé e lọ sí pápá, wọ́n a máa yìn ín sí àmì tí wọ́n gbé kalẹ̀. Àwa kò bá wọn jà nítorí eré. Ohun tí a ń bi wọ́n, tí a sì ń bi ìjọba tiwa náà, ni èyí: ta ni ó ni ìtàn tí ó wà nínú ìbọn wọ̀nyí?

Ẹ jẹ́ kí a rántí. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tí ń gbé Èkó ṣe akitiyan títí ìbọn Snider, tí à ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí, fi dé ọwọ́ àwọn ará wọn lójú ogun. Àwọn àgbà ní ìró ìbọn ni ó fún ogun náà lórúkọ. Ní 1890, àwọn aláwọ̀ funfun pe ìpàdé ní Brussels, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé pé kí a má ṣe ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ mọ́. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn kan náà gbé Maxim, ìbọn tí ń rọ ọta bí òjò, wá bá àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ẹni tí ó gba idà lọ́wọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ kí ó tó kò ó lójú ìjà, ṣé àlàáfíà ni ó ń wá?

Ṣùgbọ́n nígbà tí Japan gbógun tì wọ́n, Òyìnbó rántí pé ọmọ adúláwọ̀ lè di ìbọn mú. Láti 1943 títí di 1945, Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà nínú igbó Bọ́mà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn tí ó gbé Lee-Enfield, ìbọn ọlọ́ta 10, sí èjìká. Ogun parí, a gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, a dá wọn padà sílé. Lẹ́yìn náà, irú ìbọn yìí kan náà ni a kó tà fún ará ìlú ní òkè òkun. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1996 dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, Civilian Marksmanship Program, tí ń ta ìbọn Garand ti Ogun Àgbáyé Kejì fún ará ìlú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi òfin de ìbọn ìléwọ́ ní 1997 lẹ́yìn tí a pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ṣì fi àyè sílẹ̀ fún Lee-Enfield lábẹ́ ìwé àṣẹ ọlọ́pàá.

Àwa ńkọ́? Òfin ìbọn ti 1959, tí a ṣe kí òmìnira tó dé, tí ó sì ń darí wa títí di òní, ka ìbọn .303 mọ́ àgbá ogun àti bọ́ǹbù. Ṣakabùlà ọdẹ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìbọn Bọ́mà, àfi kí Ààrẹ orílẹ̀-èdè yọ̀ǹda fún un.

Àwọn kan ń wí pé kí a ṣe bí Amẹ́ríkà ti ń ṣe, kí olówó ra ohun tí ó wù ú. Rárá o! Ìbọn kì í darúgbó bí ènìyàn. Ọta Lee-Enfield ń lọ ju 1,000 yáàdì, ó sì ń pani lónìí bí ó ti ń pani ní 1914. Ní ilẹ̀ tí ajínigbé kò jẹ́ kí àgbẹ̀ rí oko lọ, ẹni tí ó bá sọ ìbọn ogun di ọjà, iná ni ó ń tì bọ orí òrùlé. Àwọn mìíràn ní kí ó dípẹtà kí ó sì jẹrà. A kò gbà fún àwọn náà. Ẹni tí kò mọ ohun tí a fi ṣẹ́gun bàbá rẹ̀, a ó tún fi òmíràn ṣẹ́gun rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà. Láti 1988 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ kí ilé àyẹ̀wò ìbọn ní London àti Birmingham máa fi òǹtẹ̀ lu ìbọn tí a ti bà jẹ́ mọ̀ọ́mọ̀, kí ó má lè yìn mọ́ láéláé. Nítorí náà, a ń béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkínní, kí àwọn aṣòfin ní Àbújá tún òfin 1959 ṣe, kí wọ́n ya ìbọn àtijọ́ tí a ti pa agbára rẹ̀ sọ́tọ̀. Èkejì, kí a dá ìgbà tí ẹbí tí irú rẹ̀ bá wà nínú àjà wọn lè mú un wá láìsí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbogbo kó wọn sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí a kọ orúkọ àwọn tí ó gbé wọn síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà lókè òkun, bí wọ́n bá pè yín sí pápá tí wọ́n sì fi Snider lé yín lọ́wọ́, ẹ sọ ìtàn Kírìjì àti Ìmàgbọn fún wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Eré wọn ni. Ogún wa ni.