Owó Wúfà Inú Búùtù

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí a kò fẹ́ kí ó di ìjà ní ìpàdé, ìdí nìyí tí a fi kọ́kọ́ gbé e sójú ìwé yìí.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tí àwọn ọ̀dọ́ wa àti àwọn tí ń wa ọkọ̀ èrò ń mú wá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wí: wọ́n fẹ́ de wúfà sínú búùtù ọkọ̀. Àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí á má yá ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ fún irú rẹ̀, pé ariwo lásán ni. Àwa kò bá wọn lọ síbẹ̀. Aṣọ ẹbí tí a ń yá owó fún lọ́dọọdún, ṣé òun ń mú owó wọlé ni?

Ìwé ìṣirò tí wọ́n ń so mọ́ fọ́ọ̀mù ni ó ń dùn wá. Ẹ ó rí owó wúfà níbẹ̀, ẹ ó rí ti áńpílífáyà, ẹ ó rí ti káfíńtà tí yóò kan àpótí. (A kò bá káfíńtà jà o, bí wúfà kò bá sí nínú àpótí, ìró ẹ̀yìn rẹ̀ a máa pa ti iwájú.) Kódà iná búlúù tí yóò máa tàn yí i ká wà níbẹ̀. Ẹ wá owó wáyà tì, ẹ wá ti fíúsì tì. "Rìwáyà á mú ìyẹn wá," ni wọ́n máa ń wí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù iwájú kan jẹ́ wáàtì 55. Áńpílífáyà tí ó ń gbé wáàtì 600 jáde ní tòótọ́, kì í ṣe ti ẹnu páálí, yóò fa iná tó ti gílóòbù mọ́kànlá, ó kéré tán, nígbà tí ìlù bá rinlẹ̀. Lára bátìrì fóòtì 12, ìyẹn ju áńpíà 50 lọ. Bí wáyà bá tín-ín-rín, yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, yóò sì kan irin ọkọ̀. Fíúsì ni ó yẹ kí ó já nígbà náà. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n fi í sí? Inú búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńpílífáyà! Wáyà ni fíúsì yìí ń ṣọ́. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni ipò rẹ̀, kí ó má jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ, nítorí wáyà tí ó bá wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní olùgbàlà. Níbi tí wáyà sì ti gba ara irin kọjá láti ibi ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi rọ́bà sí ihò náà, kí irin má baà máa gé e díẹ̀díẹ̀.

Ojú ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti rí i. Òórùn rọ́bà ni ó kọ́kọ́ gbọ́, kí èéfín tó yọ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́run yọ ọ́, ó sáré tú orí bátìrì. Oṣù mẹ́ta ni mọ́tò náà fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mọ́tò tí ó fi ń jẹun ni o, àwọn onídùúró rẹ̀ méjì ni a sì ń yọ owó lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tí ń ta ẹ̀kọ. Màmá yìí kò gbọ́ orin kan ṣoṣo rí nínú ọkọ̀ náà.

Ti etí náà wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ariwo bá tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 90, wákàtí mẹ́rin péré ni kí ènìyàn fi gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ kan. Awakọ̀ èrò á ti lò ó tán kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kìíní.

Ohun tí a ó gbé wá sí ìpàdé tí ń bọ̀ ni pé, ẹni tí ó bá fẹ́ owó wúfà, kí ó kọ wáyà àti fíúsì sí ìwé ìṣirò, kí rìwáyà fọwọ́ sí i, kí onídùúró sì rí i kí ó tó fọwọ́ sí tirẹ̀. Bí owó kò bá wá tó, kí wọ́n yọ iná búlúù kúrò.