Eré Kẹ̀kẹ́ àti Ìwà Òǹwòran

Bí egúngún bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, kò sí ọmọ ilẹ̀ yìí tí a kọ́ nílé tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí. Atọ́kùn mú pàṣán lọ́wọ́ nítòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù pàṣán nìkan ni a fi ń yà lọ́nà. A mọ̀ pé bí a bá dí eégún lọ́nà, ìran tí a wá wò bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni a fẹ́ fi wo ọ̀ràn kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń tìtorí àwòrán yíyà ba eré tí wọ́n fẹ́ràn jẹ́.

Ọdún 1903 ni a bẹ̀rẹ̀ eré-ìje kẹ̀kẹ́ ńlá tí a ń pè ní Tour de France. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn tí ó fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe iṣẹ́ òòjọ́ fi ń díje nínú rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń rìn sì máa ń lé ní kìlómítà 3,000. Eré yìí kò ní pápá tirẹ̀. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń rìn ni pápá rẹ̀. Ó la oko kọjá, ó la abúlé kọjá, ó gun òkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó dúró létí ọ̀nà kò san kọ́bọ̀. Àgbẹ̀ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀, ìyá arúgbó lè gbé àga síwájú ilé, kí àwọn akọni tí òkìkí wọn kàn káàkiri ayé sì kọjá lọ́dọ̀ wọn, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ọlá ńlá ni fún mẹ̀kúnnù. Inú ọlá náà ni ewu sì wà.

Ìran náà kì í pẹ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọ̀wọ́ àwọn eléré lè máa sá kìlómítà 45 ní wákàtí kan, èyí tí ó lé ní mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó ti dúró láti òwúrọ̀ yóò gbọ́ ariwo, yóò rí aṣọ aláràbarà, atẹ́gùn yóò fẹ́ sí i lára, wọ́n sì ti lọ. Nítorí náà ni olúkúlùkù ṣe ń fẹ́ kí fọ́tò kan kù lọ́wọ́ òun, kí ó lè fi han àwọn ará ilé pé ojú òun ni ó ṣe. A kò bá wọn wí, nítorí ojú kì í rí arẹwà kí ó má kì í. Ibi tí wọ́n ń dúró sí kí í ni a ń bá wọn wí.

Ní ọjọ́ 3 oṣù keje, ọdún 1994, ní ìlú Armentières, níbi tí àwọn eléré ti ń sá àsápajúdé dé òpin, ọlọ́pàá kan tí a fi ṣọ́ ọ̀nà yọ ara síta láti ya fọ́tò. Wilfried Nelissen kọlù ú, Laurent Jalabert náà ṣubú, ó sì fara gbọgbẹ́ gidigidi. Ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ ọ̀nà ni ó di ewu ọ̀nà! Ní ọjọ́ 14 oṣù keje, ọdún 1999, lórí òkè Alpe d'Huez, Giuseppe Guerini ni ó ṣáájú, ó sì kù díẹ̀ kí ó dé òpin, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú kámẹ́rà, tí àwọn méjèèjì sì kọlu ara wọn. Ọpẹ́ ni pé Guerini dìde, ó sì borí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, ọdún 2021, lọ́nà Brest sí Landerneau, obìnrin kan na páálí tí ó kọ ìkíni sí síta. Kámẹ́rà tẹlifísọ̀n ni ó kọjú sí, ó sì kẹ̀yìn sí àwọn eléré. Tony Martin kọlu páálí náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì wó lu ara wọn bí ògiri tí òjò pa. Ilé-ẹjọ́ bu 1,200 Yúrò ìtanràn fún obìnrin náà. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, a kò rí ẹni tí ó kórìíra eré náà. Ìfẹ́ ni ó mú wọn wá. Ìfẹ́ tí kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu ni ó sì ṣe ìjàǹbá.

Ẹ jẹ́ kí a tún mọ̀ pé ẹ̀rọ ayàwòrán a máa tan ojú jẹ. Fóònù tí ọ̀pọ̀ ń lò ń gba ibi gbígbòòrò sínú àwòrán, nítorí náà ohun tí ó ti súnmọ́ wa a dà bí ẹni pé ó ṣì wà lókèèrè. Ẹni tí ń wo inú gíláàsì kékeré yẹn rò pé eléré kò tíì dé, nígbà tí táyà ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó sì kẹ̀yìn sí ọ̀nà, kí ojú tirẹ̀ lè wà nínú fọ́tò, kò rí nǹkan kan rárá.

Àwọn kan ní kí a kúkú fi ọgbà irin sé gbogbo ọ̀nà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọgbà irin dára níbi tí eré ti ń parí, a sì ń lò ó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sé gbogbo ọ̀nà, níbo ni ìyá arúgbó yóò gbé àga rẹ̀ sí? Bí a bá sé e tán, kò ní pẹ́ kí a tó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn yóò sì di ti olówó. Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kí a fi òfin mú ẹni tí ó dí ọ̀nà, kí a sì kọ́ àwọn yòókù ní ẹ̀kọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ni ọgbà tí kì í wó.

Ẹ̀kọ́ náà kò ṣòro. Kí òǹwòran tètè dé, kí ó wá ibi gíga létí ọ̀nà, ní ibi tí ọ̀nà ti ń gun òkè, nítorí níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń rọra lọ, tí àwọn eléré sì ń tò tẹ̀lé ara wọn. Kí ó má dúró sí ìhà òde kọ́ọ̀nà níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ń fò lọ. Kí ó di ọmọ àti ajá rẹ̀ mú. Bí ó bá fẹ́ fọ́tò púpọ̀, kí ó lọ ní ọjọ́ tí a ń tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó ya ọ̀kan tàbí méjì, kí ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ó fi ojú tí Ọlọ́run dá fún un wo ohun tí ó wá wò.

Bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀ràn òkèèrè yìí, a ó dáhùn pé eré náà ti dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 2024, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, borí ní ọjọ́ mẹ́ta nínú Tour de France. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali gba ìdíje kẹ̀kẹ́ ti gbogbo ayé lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ẹ sì wo àwọn ayẹyẹ tiwa: níbi ìwúyè, níbi ìgbéyàwó àti ọdún ìbílẹ̀, ẹ̀yìn àwọn tí ó gbé fóònù sókè ni àgbà ń wò dípò ìran. Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹni tí ó wá wòran gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ìran. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.